Ẹ̀jẹ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn wa ní Òmù-Àrán. Ìgbà tí nǹkan ti le koko ni kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ló dáwó jọ rà á, wọ́n sì ní kí n máa jókòó tì í nítorí pé mo mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni dókítà àgbà fẹ́ kó bá wa ṣe. Tẹ́lẹ̀, bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, à ń ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a kéde, àwọn èèyàn a wá, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí èyí tó bára mu. Ó ń pẹ́, àmọ́ a máa ń rí i. Dókítà ní kí a kúkú yẹ ti gbogbo ẹni tó bá gbà wò sílẹ̀, kí a kó o sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ìlú gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni síta, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún onítọ̀hún pàápàá. Àsìkò náà, ẹ̀rù àwọn tó ń fi èèyàn ṣe owó ń ba gbogbo ayé. Èmi rò pé àṣejù ni, àmọ́ ta ni mo jẹ́? Láti orí àwa òṣìṣẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀, a sì bọ́ sí ìgboro. Orúkọ pọ̀ débi pé mo kàn ń tẹ̀ wọ́n lọ ni, n kò rántí ti ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹpútà náà lọ́ra. Bí mo bá bi í ní nǹkan, a máa ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò ní sùúrù, ó ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kan n'Ílọrin pé kó wá fi ètò tuntun sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Dókítà, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o." Ètò tuntun náà a máa yan ọ̀nà tó yá jù fúnra rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dáhùn. Mo máa ń pe àwọn nọ́ọ̀sì wá wò ó.

Àbúrò mi obìnrin bímọ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ ké, ìyá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì dá. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò sì lè gba òmíràn. Wọ́n yẹ tèmi wò, kò bára mu. Ti ọkọ rẹ̀ náà kò bára mu. Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé ta ló ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí nílùú, yàtọ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fúnni lẹ́jẹ̀, torí a kì í fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan léraléra. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí. Mo tún bi í. Kò sí.

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí bíi ti tẹ́lẹ̀."

Dókítà ní, "Ìyá, kò sí ní gbogbo ìlú. Ta lẹ fẹ́ rí? Ẹ gbé e lọ Ìlọrin."

Kò sí epo nílé epo kankan. Dírẹ́bà ilé ìwòsàn, ọmọkùnrin ará Ṣàrẹ́ kan, fa epo inú jẹnẹrétọ̀ sínú mọ́tò, ó sì wà á bíi pé àbúrò tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Ó ń sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn." Mo ń sọ fún àbúrò mi pé ọmọ rẹ̀ jọ bàbá wa. Kí a tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ mi. N kò sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ títí a fi wọ Ìlọrin.

N kò sunkún. A sin ín, mo jẹun, mo padà síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ní ọkàn mi le. Kò le rárá, kò kàn sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Màmá wa ń fi mílíìkì inú agolo tọ́ ọmọ náà, bí mo bá sì wọlé, màá bi wọ́n bóyá omi wà nílé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ń wá ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ọkùnrin kan, orúkọ tó jáde sì kéré débi pé ó bí mi nínú. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Mo ránṣẹ́ pe ẹnjiníà. Ó jókòó, ó béèrè ohun kan náà ní ọ̀nà méjì, ìdáhùn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ó pòṣé.

Ó ní, "Ẹni tí kò tíì fúnni lẹ́jẹ̀ rí kò ní ọjọ́ tó fúnni lẹ́jẹ̀ kankan lára orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀nà kúkúrú tí ètò yìí ń tọ̀, kò rí ẹni tí kò ní in. Bí ẹni tí wọ́n ní kó pe gbogbo agbo ilé, tó wá ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nìkan. Ìbéèrè yín tọ̀nà, ọ̀gá. Ìdáhùn tirẹ̀ ni kò tọ̀nà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́. Ó dí ọ̀nà kúkúrú náà, ó ní kí n bi í ní ohunkóhun kí a fi dán an wò. Ìbéèrè àbúrò mi ni ìka mi tẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde, ti dírẹ́bà.

Mo bọ́ síta. Ó ń fọ mọ́tò. Ó wò mí, ó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó di apá mi mú, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ń sunkún.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù. Wálàhí, bó bá jẹ́ pé ohun mìíràn wà tí mo lè ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti ṣe é."

Mo ní mo mọ̀.