Ọkùnrin tó ń Mu Tíì ní Bursa

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Bí wọ́n bá mú mi lọ síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mission Bend, níbí ní Houston, tí wọ́n gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí náà ni màá sọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti pajú òkú dé rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èmi kì í ṣe ẹni tí òjìji ń lé kiri Houston.

Bùọ̀dá Délé, ọkọ Àǹtí Rónkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kú. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọṣọ fún wọn, mo sì dúró létí sàréè ní Rosenberg, ìtòsí Houston, títí yẹ̀pẹ̀ fi bo pósí.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni tọkọtaya yìí ti ń wá ọmọ. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gba abẹ́rẹ́, pàbó ló já sí. Níbi ìsìnkú, ẹnìkan tí Ọlọ́run ò fún ní ọgbọ́n sọ pé Bùọ̀dá ò fi nǹkan kan sílẹ̀ sáyé. Etí ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ sí. Àtọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti fi bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìrọ̀ mọ́ wọn nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kó èèyàn lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ ní Tọ́kì. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ gbatẹ́gùn." Wọ́n ní kò sóhun táwọn fẹ́ wò. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo ti gba fisà.

Ní Istanbul, wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí òdìkejì òkun. Elif, ọmọbìnrin ará Tọ́kì kan, ni amọ̀nà wa. Ó kọ́kọ́ mú wa dé İznik, ibi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ ti jókòó ṣètò Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ká kà á pa pọ̀ nídìí odi ìlú. Nígbà tá a dé ibi àjíǹde òkú, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo wojú wọn, adágún omi ni wọ́n ń wò.

Ọ̀sán la wọ Bursa, ìlú tí àwọn ọba Ottoman kọ́kọ́ fi ṣe olú-ìlú. A wo ibojì àwọn ọba náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni Elif mú wa lọ sí ọjà sílíìkì. Ilé àtijọ́ alájà méjì ni, àwọn ìsọ̀ yí àgbàlá ńlá kan ká, àwọn èèyàn sì jókòó sábẹ́ igi ní àgbàlá, wọ́n ń mu tíì. Oòrùn ràn gan-an. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé òkùnkùn ló tàn mí jẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Bùọ̀dá Délé.

Ẹ má wulẹ̀ máa mirí. Kì í ṣe pé ẹni náà jọ wọ́n, àwọn gan-an ni. Wọ́n da tíì sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì gbé e mu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé tí ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n yéé ṣe bí ará oko. Àpá òkè ojú wọn wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó lórí itan wọn, ó ń tọ́ ṣúgà lá. Imú Bùọ̀dá ló wà lójú ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé mọ àkúdàáyà: ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́yàwó, tó bímọ. Ìyá wa máa ń sọ pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fi lè pe orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a nílùú náà. Mo máa ń fi Màámi rẹ́rìn-ín.

Bùọ̀dá gbójú sókè, wọ́n rí mi. Wọ́n gbé ọmọ náà mọ́yà, wọ́n rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má pè mí," ni wọ́n sọ, ní Yorùbá, wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ yìí ṣì kéré."

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wá sọ́kàn mi. Bí wọ́n bá rí ọkọ wọn, wọ́n á ké orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ké e, wọ́n á di opó lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì fagídí mú wọn wá. Mo wò yíká, mo rí wọn níwájú ìsọ̀ kan, wọ́n kẹ̀yìn sí àgbàlá. Mo sáré lọ di apá wọn mú.

"Àǹtí mi, ẹ wo ìborùn yìí."

"Ó dáa." Wọn ò yíjú.

Mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọwọ́ wọn tutù, mo rò pé ebi ni. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, tíì ṣì ń rú èéfín lórí tábìlì, bàbá àti ọmọ ò sí mọ́. Mo bi Elif bóyá ó rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó gbọ́mọ. Ó ní òun ò rí ẹnì kankan bẹ́ẹ̀.

Mo pa á mọ́ sínú títí a fi padà dé Houston. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo bá wọn nídìí ẹ̀bà, wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa. Inú mi dùn. Mo jókòó tì wọ́n.

"O ṣeun tí o ò pè é," ni wọ́n wí.

Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n ní:

"Mo ti rí wọn kí ìwọ tó rí wọn. Orúkọ ẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Ni ọmọ yẹn bá fọwọ́ gbá a létí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, bàbá ọmọ."

"Ẹ wá kẹ̀yìn sí wọn?"

"Kí ni kí n ṣe? Ọmọ tá a jọ ń wá, ó ti rí i. Ṣé èmi ni kí n wá sọ ọ́ di ọmọ aláìníbaba?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún, wọ́n parí ẹ̀bà wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Lánàá, wọ́n bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì á tún lọ sí Bursa. Wọ́n ní àwọn ò ní sún mọ́ wọn, àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà sí. Mi ò mọ̀ bóyá Bùọ̀dá ṣì wà nílùú yẹn lẹ́yìn tí mo ti rí wọn. Mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnu ẹ̀gbọ́n mi á lè pa orúkọ náà mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìnrìn àjò lọ sí ìlú ìgbà láéláé, bí ẹ bá rí ojú ẹni tí ẹ ti sin, ẹ panu mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lórí itan rẹ̀.