Ìkíni Tí Kò Kọjá Ẹnu Ọ̀nà

Ludmiła Gąsior, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ṣe ọjọ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọ́n fi ń kí ènìyàn bí ọjọ́ ìbí, ní Warsaw ní Poland lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, kò sì sí ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Norway.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó ń wádìí RNA kékeré kan, èròjà tó ń gbé àṣẹ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí àtọ̀ akọ eku ń gbé wọnú ẹyin. Irú RNA bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ẹran ara. Ṣe ló ń pa àwọn àṣẹ àtijọ́ inú ẹyin lẹ́nu mọ́, kí ọlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ayé tirẹ̀. Ludmiła gbà pé láìsí i, ọlẹ̀ kì í kọjá sẹ́ẹ̀lì méjì. Witold, ọ̀gá rẹ̀, kò gbà. Ó ní bí ìdánwò tó kẹ́yìn yìí kò bá fi í hàn, ẹlòmíràn ni yóò gba yàrá ìwádìí rẹ̀.

Ohun kan wà lára awọ ọwọ́ àti nínú itọ́ ènìyàn tó ń jẹ RNA run, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá Ludmiła láìwọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Àwa ará Poland kì í sì í bọwọ́ lórí ìloro ẹnu ọ̀nà. A gbà pé ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Dobrawa tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé kéèkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, Witold wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá Ludmiła, ẹ jáde ká kí yín.”

“Àwọn ọlẹ̀ ti kúrò níbi tó móoru. Wọn ò gbọdọ̀ tutù.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè tutù?”

“Fi í sílẹ̀,” ni Witold wí. “Àwọn eku á bá a jẹ kéèkì.”

“Wọ́n mọ ìwà hù jù ẹ́ lọ,” ni Ludmiła dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé kéèkì sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ludmiła yíjú padà sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn ọlẹ̀ tó mú RNA kúrò nínú wọn ti dúró sí sẹ́ẹ̀lì méjì. Àwọn tó dá a padà fún ti di mẹ́rin. Ó wò wọ́n títí, ó dá wọn padà síbi tó móoru, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sáré jáde.

Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ti pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pe Witold lórí fóònù. Kò gbé e. Ó jókòó ti kéèkì náà, ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, Witold yóò wá wo ọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ludmiła ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un pé kó dúró de òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó má tíì wọ ìbọ̀wọ́.