Àdúrà Tó Bo Ohùn Ọmọ Inú Òfuurufú

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nígbà tí ariwo kan jáde láti inú fóònù ọmọ-ọmọ mi, Tẹniọlá. Ó ń ṣe "ṣàààà" bí ìgbà tí nǹkan ń dín nínú epo, ohùn ènìyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń rì, tó ń yọ. Ọwọ́ mi dúró nínú àtẹ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n etí mi kò gbàgbé rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó o!" ni Tẹniọlá ń wí. "Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn. Òun nìkan ló fẹ́ fò ó kọjá òkun!"

Mo wọ awò ojú mi, mo wò ó. Ọmọkùnrin kan ni tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ó ń rẹ́rìn-ín, omi lọ bẹẹrẹ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni àwọn èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti gbogbo ayé. Akọni ni ẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Àmín. Àmín. Àmín. Tẹniọlá náà ti kọ tirẹ̀. Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo da ẹ̀wà tí mo ti ṣà mọ́ èyí tí n kò tíì ṣà, ọmọ náà sì rò pé mo ti ń ṣarán. N kò ṣarán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù, nítorí ẹ̀yin náà ni ẹ ń kọ Àmín kiri.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tísà kan gba yàrá nínú ilé wa. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògòtún ni, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, ló fẹ́ fẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàbá mi fi fún un ní yàrá tó kọjú síta, kí wọ́n lè máa rí ẹsẹ̀ tó ń wọlé àti ẹsẹ̀ tó ń jáde. Tísà ti darúgbó báyìí, ó sì yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n bàbá mi náà ni "wọ́n", n kò sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì dàrú mọ́ yín lójú. Kí Tísà má bínú.

Àpótí irin kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí àti iná pupa kékeré kan. Bátìrì ọkọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, torí pé iná ìjọba kì í wá nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ìyẹn ò tíì yí padà. Wáyà bàbà kan so mọ́ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó gba òkè kọjá wọ inú yàrá. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ rí wáyà yìí, wọ́n sá ìró méjì lé e lórí, Tísà sì dúró síbẹ̀ tó ń fọwọ́ gbo ara wọn, kò mọ bí òun yóò ṣe sọ fún ìyá ìyàwó pé kí wọ́n ká aṣọ wọn. Ó dúró títí aṣọ fi gbẹ.

Rédíò yìí kì í ṣe ti ìròyìn lásán. Ó ń gbọ́, ó sì ń sọ. Àwọn èèyàn bíi ti Tísà wà káàkiri ayé tí ẹnikẹ́ni kò gbà síṣẹ́, ìfẹ́ ló mú wọn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kò ju ọsàn ńlá lọ lọ́wọ́, bọ́tìnnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, o kò sì lè gbọ́ ohunkóhun. Bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó di gbígbọ́. Bí ẹni méjì bá sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára jù ni yóò bo èkejì mọ́lẹ̀. Tísà máa ń sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ náà tó kí èèyàn jọ̀wọ́ bọ́tìnnì.

Lọ́dún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́másì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, fẹ́ fò láti Brasil wá sí etíkun Áfíríkà nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Òun nìkan. Bí oorun bá kùn ún, kò sí ẹni tí yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tísà ní àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ ń ya fọ́tò rẹ̀ kiri. Títí di òní ni mo ń wá irú àgbàlagbà tó jókòó tó wo ọmọ yẹn lójú, tó sì ní kó máa lọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ ká kókó lóko ọ̀nà jíjìn, nítorí ejò àti nítorí ẹ̀ka igi tó lè já lu èèyàn. Oko kókó nìyẹn o. Òkun wá ńkọ́?

Àwọn onírédíò kò lè dá a dúró, wọ́n bá pín aago láàárín ara wọn láti máa tẹ́tí sí i. Ẹnì kan wà ní Brasil, ẹnì kan wà ní erékùṣù kan láàárín òkun, Tísà tiwa wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, Tọ́másì á pe nọ́ńbà méjì tó ń fi ibi tó wà lójú òkun hàn. Ọ̀kan láìsí èkejì kò wúlò. Ó dà bí ẹni tó mọ orúkọ ìlú tí kò mọ orúkọ ilé. Tísà ló ni òwúrọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yára, torí pé bí oòrùn bá ti ń ga, ohùn ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ á máa kú lọ.

Nígbà tí aago mẹ́jọ kù díẹ̀, Tọ́másì pè. Ó ní ara òun le, òun ti yà díẹ̀ kúrò lọ́nà nítorí òjò, òun yóò pe nọ́ńbà òun láìpẹ́. Ó wá ní kí Tísà bá òun kí gbogbo ará ilé. Tísà rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ òyìnbó náà fún mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi òmùgọ̀ fò dìde, mo sáré lọ bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń pọ́n àdá. "Bàbá, ọmọ inú òfuurufú kí yín!"

Bàbá mi ju àdá sílẹ̀. Ní ibi tí a ti bí mi, bí ẹni tó wà lọ́nà bá kí ọ, wàá kí i padà, wàá sì ṣàdúrà fún un, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wọlé, ìyá mi tẹ̀lé wọn, àwọn ará ilé tẹ̀lé ìyá mi. Tísà ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé òun yóò bá wọn kí i.

"Ẹni tó wà lọ́nà kí gbogbo ulé," ni bàbá mi wí, "a ó wá dákẹ́ bí odi?" Wọ́n na ọwọ́.

Tísà kò tíì ṣe ìdána. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ náà fún wọn, ó fi bọ́tìnnì hàn wọ́n, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ pé ẹ kú àárọ̀."

Ẹ kú àárọ̀ kẹ̀! Bàbá ìjọ ni bàbá mi, bí wọ́n bá sì gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á tún sùn. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. "Ọlọ́run tó dá òkun, tó dá ulẹ̀," ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún apá ọ̀tún ọkọ̀ náà, wọ́n gbàdúrà fún apá òsì. Wọ́n gbàdúrà fún ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i, wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tí kò tíì rí. Gbogbo ilé ń ṣe Àmín, Àmín náà sì ń fún wọn lágbára sí i, àtàǹpàkò wọn kò kúrò lórí bọ́tìnnì. Tísà wo aago. Ó na ọwọ́, ó fà á sẹ́yìn. Ta ni yóò já nǹkan gbà lọ́wọ́ baba ìyàwó pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu rẹ̀, ní Èkìtì? Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi rò pé ó ń fẹ́ àdúrà, wọ́n bá gbàdúrà fún òun náà.

Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, ohùn Tọ́másì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ohùn tó fi kí wa. Ó ń yára, ó sì ti jìnnà. Tísà túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀: "...mẹ́rìnlélógún. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Lẹ́yìn náà, ṣàààà.

Ọkùnrin erékùṣù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní òyìnbó tí Tísà nìkan gbọ́ nínú gbogbo wa. Ó ní bí àdúrà wa ti bẹ̀rẹ̀ ni Tọ́másì ti ń ké pé ẹ́ńjìnnì ń kọṣẹ́, pé òun ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pe nọ́ńbà méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn bàbá mi, òun kò rí ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ yé. Mẹ́rìnlélógún ló kù sí gbogbo wa lọ́wọ́. Èkejì rẹ̀ wà lábẹ́ àdúrà. Tísà pè é títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọkọ̀ ojú omi wá ọmọ náà fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò rí nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi béèrè pé, "Ọmọ wa ńkọ́?" Èmi náà wà níbẹ̀. Tísà wò mí, ó wò wọ́n, ó ní, "Ó ti gúnlẹ̀, Bàbá. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Bàbá mi gbé ẹ̀rí yìí dé Ìsẹ̀, wọ́n gbé e dé Ẹmùré, kò sí ìsìn ìdúpẹ́ kan tí wọn kò ti sọ bí àdúrà àwọn ṣe sọ ọkọ̀ òfuurufú kalẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ rédíò fi kọ̀wé sí Tísà pé ó jẹ́ kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n wá gbé àpótí náà lọ. Tísà sọ fún bàbá mi pé ó bàjẹ́ ni. Bàbá mi pòṣé. "Àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ nǹkan tọ́jú," ni wọ́n wí, Tísà sì ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Mo bínú sí bàbá mi títí wọ́n fi kú, mo sì fẹ́ràn wọn títí wọ́n fi kú. Mo bínú sí Tísà tó parọ́. Mo bínú sí ẹsẹ̀ ara mi tó sáré lọ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbínú tí kò tíì tán nínú mi, ti àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi gbéra ni. Ẹni tó tẹ́tí sí i ni ìyà jẹ. Àwọn tó tì í sójú òkun padà sílé lọ jẹun àárọ̀, kò sẹ́ni tó gba ìwé kankan lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí a sin bàbá mi, oníwàásù sọ ìtàn náà, ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Tísà jókòó láàárín àwọn àna, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣe Àmín pẹ̀lú wọn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, mo sì rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jọ̀wọ́ bọ́tìnnì.

Wọ́n ti gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé yẹn. Fóònù ayé òde òní ń sọ, ó sì ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni ní láti jọ̀wọ́. Síbẹ̀, bí o bá pe Tísà lónìí, kò ní sọ nǹkan kan. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́ kí o lè sọ tìrẹ tán. Àwọn ọmọ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló burú, wọ́n á máa pariwo "Ẹ̀lóò! Ẹ̀lóò!" sí i létí.

Mo sọ gbogbo èyí fún Tẹniọlá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀wà sì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo bi í pé, "Ibo ló dé báyìí?"

"Ta ni, Màmá?"

"Ọmọ tí o ṣe Àmín fún."

Ó wo fóònù rẹ̀. Ó wá inú Àmín gbogbo ayé lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé kò sí ẹni tó béèrè.

"Bi í," ni mo wí. "Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́, kí ó lè ráyè dáhùn."

Ó kọ ọ́. Ó gbé fóònù náà sórí àtẹ ẹ̀wà láàárín àwa méjèèjì, a sì jókòó tì í, a ò sọ̀rọ̀.