Eégbọn Inú Yàrá Ìyá

Bàbá Aláwọ ò gbà rí láyé ẹ̀ pé òun jẹ̀bi. Ogún ọdún rèé tó ti ń bó awọ màlúù níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Òun kọ́! Wọ́n ti jí tiẹ̀ kan rí, ó sì búra pé kò ní í ṣẹlẹ̀ sí òun lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá ń wọ̀ ọ́ wálé, ó ń fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá ẹ̀.

Ìgbà tí eégbọn wọlé dé, ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan lórí ìrọ̀rí ìyá, tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. "Yéè! Ẹ wá wo nǹkan!" Ta ni wọn ìbá tún mú bí kò ṣe ajá ìyá? Ajá ò kúkú lẹ́nu tó máa fi rojọ́. Arúgbó ajá ni, òun ló sì ń bá ìyá gbé yàrá látọjọ́ tí ọkọ ìyá ti kú. Wọ́n fi oògùn wẹ̀ ẹ́, wọ́n tú etí ẹ̀ wò, eégbọn méjì péré ni wọ́n rí. Méjì náà tó Bàbá Aláwọ.

"Màámi, ẹ má bínú, ajá yìí ń lọ lónìí."

Ìyá wo ọmọ ẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ. "Ó dáa náà," ló sọ. Ọmọ bá fa ajá lọ sí oko ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan.

Wọ́n fín oògùn, wọ́n sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ara ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, eégbọn ò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Aláwọ ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀. Eégbọn mẹ́rin ló bá níbẹ̀, wọ́n ń yan fanda. Ara màlúù ló ti ń kó wọn bọ̀!

Ó sáré gba oko lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ajá ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi já okùn, àwọn sì ti wá a títí. Òun náà wá a dé títì, ó ń súfèé bíi wèrè. Kò rí i. Bó ṣe ń bọ̀ nílé, ó rò ó pé kí òun parọ́, pé ajá wà lóko, ó ń sanra. Ojú ara ẹ̀ tì í.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ẹ̀. "Màámi, ẹ̀wù mi ni. Èmi ni mò ń kó eégbọn wálé. Ajá yín ò ṣe nǹkan kan, mo sì ti sọ ọ́ nù."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Àràárọ̀ ni mò ń ṣa wọ́n lára ẹ̀wù yẹn kí ìyàwó ẹ tó jí. Àwọn tójú mi ò rí ló ń sá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tẹ́ ò sọ lọ́jọ́ tí mo fà á lọ?"

"Níṣojú ìyàwó ẹ? Kí n ní ọkọ ẹ̀ ló ń kó kòkòrò wọlé?" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ìwọ ni mo bí, mi ò bí ajá."

Lójú Bàbá Aláwọ, ì bá sàn kó gbá òun létí.