Èènì Nínú Ife Ìyẹ̀fun

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo máa ń fi ṣe fáàrí ní kíláàsì mi, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wọn nǹkan lẹ́nu. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Àjàṣẹ́ wa níbí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Faransé ni wọ́n ń sọ ní gbogbo ọ́fíìsì, Gùn ló ń dún lójú ọ̀nà, àwa sì ń sọ Nàgó nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ráyè wọlé láàárín gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, apẹ̀rẹ̀ ọjà ni mo máa ń gbé wọ kíláàsì. Màá gbé ọṣẹ sókè, màá ní, "Àwa á ní ọṣẹ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Ó ní àfi ọ̀pá ọṣẹ kan." Iyọ̀ á di ìfọwọ́mú iyọ̀ kan, omi á di ife omi kan. Ohunkóhun tí kò bá ti ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí wọ́n fi bù ú, tàbí bó ṣe rí lójú, kí wọ́n tó dárúkọ òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ kò lè kàn pàápàá. Ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn, ègé ègé ni, bí ẹran. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín sí i kò ní gbàgbé mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin wá bá mi pé kí n kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù kò bà mí rárá.

Gàrí àti ìyẹ̀fun ni àbúrò mi ń tà ní ọjà àdúgbò Dowa. Ìyá wa ló kọ́ ọ, òun náà ló sì fi ìdí ọjà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Àpò gàrí ń ti Akpro-Missérété wá, àbúrò mi ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, òun náà ló ń gbé e wọlé, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní tó bá tún ń gbé àpò, kó má bi òun bí kò bá lè rìn mọ́. Ó pa ọjà tì, ó ń jókòó sílé. Kò sì sí ohun tí àbúrò mi kórìíra tó ìjókòó. Ó ń rù lójú mi, inú mi ń bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ni obìnrin ará Gánà kan ṣí ilé àlejò sí àdúgbò Akron nílùú wa níbí. Ó ń wá ẹni tí yóò máa ṣe búrẹ́dì àárọ̀ fún àwọn àlejò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ẹrù gbígbé nínú. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Gùn, ẹnu ló sì fi ń ṣe gbogbo ètò rẹ̀. Òun á máa sọ ohun tó fẹ́ àti bó ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ á sì máa bù ú. Ó ní kí àbúrò mi wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́," ó wí fún mi. "Bí n kò bá rí i, ìdí àpò ni n ó padà sí. Ẹ̀yìn tó bá fẹ́ kán kó kán."

"Ẹ̀yìn kankan kò ní kán," mo dá a lóhùn. "Gbé àga wá."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni a fi ṣe kíláàsì. Etí rẹ̀ mú, kò sì pẹ́ tó fi mọ ohun tó yẹ kó mọ̀: ife, ṣíbí, ìfọwọ́mú, ẹ̀kúnwọ́. Mo ti ń yin ara mi nínú. Ìgbà tí mo wá sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé kó bu ife ìyẹ̀fun kan fún mi, ó bù ú, ó gbé e wá pẹ̀lú òkìtì gogoro lórí. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá òkìtì náà dànù kí ojú ife lè tẹ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n!" ó kígbe. "Ta lẹ fẹ́ rẹ́ jẹ?"

Mo mọ ibi tí igbe náà ti wá. Tòǹgólò, abọ́ irin tí a fi ń wọn gàrí àti ọkà ní ọjà wa, kì í tẹ́jú lọ́wọ́ ìyá wa. Ó máa ń rọ ọ́ sí i títí tí yóò fi máa ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá dà á sínú àpò oníbàárà tán, yóò tún ki ọwọ́ bọ inú igbá, yóò bu èènì lé e. Ìbáà jẹ́ ẹni tó bá a jà lánàá ló wá rajà, kò ní lọ láìgba èènì. Láti kékeré ni àbúrò mi ti ń wo ọwọ́ yẹn, kó tó di pé ọwọ́ tirẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe.

"Ife àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní orí," mo ṣàlàyé fún un. "Etí ife ló parí sí."

"Ahun ni wọ́n. Dákọ̀, mo ti gbà," ó fèsì, ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, ó ti ń gbá ojú ife tẹ́jú láì wo ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ti di tiwa. Mo gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí Akron, Màdáàmù, obìnrin ará Gánà náà, fún mi ní àpótí nínú ilé ìdáná kí n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ife ìyẹ̀fun mẹ́ta. Àbúrò mi tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán, ó bù ú, ó gbá a tẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí mi ń wú. Màdáàmù yíjú láti tan ààrò. Bó ṣe yíjú báyìí, ọwọ́ àbúrò mi padà sínú àpò ìyẹ̀fun, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á lé ti inú abọ́. Ọwọ́ ẹni tó ti ń bu gàrí láti kékeré sì nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ kékeré. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

 Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo tú u fó lójú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo ń gbàdúrà kó má hàn.

Ó hàn. Nígbà tí àbúrò mi fi omi pò ó tán, ìyẹ̀fun náà le gbandi. Màdáàmù fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wo àbúrò mi. "Ife mélòó lo bù?"

"Ife mẹ́ta, Màdáàmù."

"Mẹ́ta?"

"Mo búra, mẹ́ta ni."

Obìnrin náà kò bínú. Aṣọ ìnuwọ́ ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀. Mo rí i pé òpùrọ́ ló ń pe àbúrò mi nínú. Ìyẹn ni n kò lè fara dà. Mo dìde, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ife mẹ́ta, àti ẹ̀kúnwọ́ kan."

Àbúrò mi yíjú sí mi bí ẹni tí mo gbá létí. "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Èènì lo fi sí i."

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyẹ̀fun kùn ún dé ọrùn ọwọ́. Ó jókòó sílẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé fún Màdáàmù, láti orí tòǹgólò dé orí ìyá wa. Mo rò pé kò ní yé e. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun ń ṣe lọ́jà lọ́hùn-ún ní Gánà. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní búrẹ́dì kì í ṣe oníbàárà, àlejò òun kò sì lè máa fi eyín jà láràárọ̀. Ó ní kó tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àbúrò mi dìde. Ó fúnra rẹ̀ tọrọ abọ́ kékeré kan lọ́wọ́ Màdáàmù ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ńlá. Ó bu ife mẹ́ta, ó gbá wọn tẹ́jú. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tún ń padà lọ sínú àpò, kò dá a dúró. Ó jẹ́ kó bu èènì rẹ̀, ó wá dà á sínú abọ́ kékeré.

Búrẹ́dì ńlá wú, ó rọ̀, ó pọ́n dáadáa. Èènì inú abọ́ kékeré náà di búrẹ́dì tirẹ̀, kò ju ìkúùkù lọ. Màdáàmù bu ti ńlá jẹ, ó ní kí àbúrò mi wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó wá fi bébà wé kékeré náà, ó nà án sí wa. "Ẹ gbé e lọ fún ìyá yín."

Kò mọ̀ pé ìyá wa ti kú. Àwa méjèèjì wo ara wa, a sì dúpẹ́.

A gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ sí Dowa, sí ibi tí ìyá wa ti ń tajà. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní sàráà ìyá wa ni, ó ní "Bísímílà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ó bù fún èmi náà. Bíńtín ló kù lọ́wọ́ òun alára.

Ìyá arúgbó tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa jẹ tirẹ̀ tán, ó gbọn ẹ̀rún kúrò láyà, ó tún tẹ́ ọwọ́.

"Èènì mi dà?" ó wí. "Ìyá yín kì í jẹ́ kí n lọ láìgbà á."

Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, ó sì fi èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì tọ́ wò, sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà.