Tó-Bá-Jẹ́-Pé àti Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ̀ Lórí Bíréèkì

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi gbogbo agbára mi wà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má fojú arúgbó lásán wò mí o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yìí ti dá ọkọ̀ tó kún fún sìmẹ́ńtì dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí òjò ń rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn àbíkẹ́yìn mi obìnrin ni, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Tó-Bá-Jẹ́-Pé.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Láti kékeré, bí wọ́n bá ní kó sá aṣọ síta, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run, á ní, "Tó bá jẹ́ pé òjò rọ̀ ńkọ́?" Bí ìyá rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn tó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, á ní, "Màámi, tó bá jẹ́ pé báàgì yẹn ti lu ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń sọ pé ìbéèrè ni yóò fi lé ọkọ sá. Kò lé e sá o. Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ní ìdáhùn lẹ́nu bíi rédíò.

Ó kàwé, ó kà á yanjú, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì gbà á. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa wá gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ tuntun lè gbà ṣìwà hù, kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí a ń tìtorí ẹ̀ bá a wí nínú ilé, òun náà ló di iṣẹ́!"

Ọkọ̀ ìsinsìnyí kò dà bíi tiwa. Láyé tiwa, bí o bá tẹ tọ́tù kí ọkọ̀ lè sáré, okùn irin ló lọ tààrà láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ wọ inú ẹ́ńjìnì. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló jókòó sáàárín. Ẹsẹ̀ rẹ á sọ tẹnu rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò jíṣẹ́. Ọmọ mi ló là á yé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó wá kí wa, tó ń bá ìyá rẹ̀ fọ abọ́ ní yàrá ìdáná. Ó ní bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣìnà, ó lè máa rò pé èèyàn ń tẹ tọ́tù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kàn án. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ àṣẹ kan sínú rẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá ti wà lórí bíréèkì, kó pa tọ́tù tì, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọlẹ̀.

"Ìyẹn dáa," ni mo wí.

"Ó dáa, Bàbá. Ṣùgbọ́n báwo lẹ̀yin ṣe máa ń tẹ bíréèkì?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo fi bí àwa àgbà ọ̀nà ṣe ń ṣe é hàn án. Tẹ̀ ẹ́, tú u sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́, tú u sílẹ̀, wéréwéré, kí táyà má baà yọ̀. Pọ́ǹpù là ń pè é. Bí ọkọ̀ bá ti ń ṣe wá bákan báyìí, ẹsẹ̀ wa kì í dúró gba ìmọ̀ràn, pọ́ǹpù ni.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi.

"Kí àṣẹ tí mo wí yẹn tó ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí bíréèkì fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí kanlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, kọ̀ǹpútà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá, ẹsẹ̀ tiyín ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láéláé."

Kò tètè yé mi. Nígbà tó yé mi tán, mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò lábẹ́ tábìlì. Bí tọ́tù bá ya wèrè lójijì, ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọingbọin á yè é. Ẹni tó bá ń pọ́ǹpù bíi tèmi, ọkọ̀ á máa gbé e lọ ni.

Lọ́jọ́ kejì ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ àṣẹ náà, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí kì í gbé ohùn sókè. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń pọ́ǹpù láyé ìsinsìnyí? Bí mo bá sì ní kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ṣèèṣì kan bíréèkì lójú ọ̀nà ńkọ́? Ọkọ̀ á rọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì kọlù ú."

Èèyàn burúkú kọ́, òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá mi ń pọ́ǹpù. Kì í ṣe òun nìkan."

Àwọn ọkọ̀ náà ti tò lọ bẹẹrẹ nínú ọgbà, wọ́n ti kéde fáyé pé wọ́n ń bọ̀. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wo ọmọ mi títí, ó ní, "Mú bàbá rẹ wá."

Báyìí ni mo ṣe lọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mo nu bàtà mi títí ó fi dán. Pápá tí wọ́n ti ń dán ọkọ̀ wò lọ salalu, ọ̀dà dúdú ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì kó yanrìn jọ gègèrè sópin rẹ̀. Wọ́n dé akoto bò mí lórí, ó fún mi létí débi pé bí wọ́n bá bú mi n kò ní gbọ́. Ọ̀gá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mìíràn jókòó tì mí, ọmọ mi kọ̀. "Èmi ni mo mú bàbá mi wá, Mà." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò fi mú tọ́tù ya wèrè wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì. Jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó rán an.

"Bàbá," ni ọmọ mi wí, "mi ò ní sọ ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣe é. Ẹ ṣáà wakọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wà á."

Ọkọ̀ náà dùn ún wà. Mo ti ń gbádùn ara mi, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àfi bí ẹ́ńjìnì ṣe ké ramúramù! Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Mo pọ́ǹpù. Ọkọ̀ náà ta kú, ó tún fò síwájú. Mo pọ́ǹpù, mo pọ́ǹpù, ó ń gbé wa lọ bí ẹṣin tó já. Yanrìn tó wà lókèèrè ń tóbi bọ̀ níwájú wa.

"Ọmọ mi!"

Ó tẹ bọ́tìnì. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, mo sì rọra dá ọkọ̀ dúró. Ọmọ mi gbá ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tirẹ̀ tutù bí omi kànga. Láti ẹ̀yìn, ohùn kékeré kan jáde: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọ̀gá ti ń rìn bọ̀ lórí ọ̀dà. Ó wò mí, ó wo ọmọ mi. "Ọkọ̀ kankan kò ní jáde," ó ní, ó sì yíjú padà lọ pe àwọn tó yẹ kó pè. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi ńlá ló lọ fi ara rẹ̀ gbà níwájú àwọn àgbà rẹ̀, mo sì yẹ́ ẹ sí.

Nídìí tábìlì ìjẹun wa ni ọmọ mi àti Jẹ́jẹ́ ti wá àtúnṣe sí àṣẹ náà. Wọ́n jiyàn, wọ́n jẹun, wọ́n tún jiyàn. Ìyàwó mi gba àárín wọn kọjá, ó ní, "Ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn léraléra, ṣé ẹ máa ní kò dúró pẹ́ tó ni?" Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn: kí kọ̀ǹpútà máa ka bí ẹsẹ̀ ṣe ń padà wá. Bí bíréèkì bá ń gba ẹsẹ̀ léraléra tí tọ́tù kò sì dẹwọ́, kó mọ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ ń pariwo "Gbà mí!"

Nígbà tí wọ́n tún ránṣẹ́ sí mi, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Tó-Bá-Jẹ́-Pé, ẹ tún ń lọ?" Mo ní iṣẹ́ ọmọ ni. Lórí pápá, ẹ́ńjìnì tún ké. Mo pọ́ǹpù. Kò pẹ́ rárá, ariwo náà rọ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tó rí ọmú, ọkọ̀ dúró láàárín ọ̀dà, yanrìn ṣì jìnnà réré. Mo fi ọwọ́ lu sitiárìn, mo kígbe, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Jẹ́jẹ́ ń jó níta.

Ọmọ mi nìkan ni kò jó. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká da omi sórí ọ̀dà bíi pé òjò rọ̀, ká tún un ṣe."

A tún un ṣe títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ti bímọ tó kọ́lé, mo ti bímọ tó lọ sókè òkun, inú mi sì dùn sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo wo ọmọ yìí, akoto ti fa irun rẹ̀ jágajàga, ó ń bẹ àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n tún omi dà, wọ́n sì ń dà á. Ìdùnnú ọjọ́ náà kọjá gbogbo èyí tí mo ti ní rí.

Láti ìgbà náà, ó di òfin níbi iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n máa pe oríṣiríṣi awakọ̀ wá kí ọkọ̀ tó jáde: ẹni tó ń wọ bàtà ńlá, ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tí jìnnìjìnnì tètè ń mú. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn wa. Obìnrin kúkurú kan ló mú dání, báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o.

"Màámi nìyí," ó ní, ó dorí kodò. "Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń wakọ̀, ọ̀kan lórí tọ́tù, ọ̀kan lórí bíréèkì."

"Kí ló burú ńbẹ̀?" ni ìyá náà dáhùn. "Ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún mi."

Kí n tó kí wọn káàbọ̀ tán, ọmọ mi tó wá kí wa lọ́jọ́ náà ti fa àga fún un, ó sì ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Màámi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."