Àdírẹ́sì Tí Verna Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Verna Salmela dáadáa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dúdú kan ló wà níbẹ̀, arúgbó ẹ̀rọ tí eruku ti hù bí irun sí lára. Fáànù rẹ̀ ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ, inú ẹ̀rọ yẹn ló wà.

Ilé iṣẹ́ wọn wà ní ìlú Duluth, létí adágún ńlá, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń pín òkúta irin sínú ikùn ara wọn, kí ọkọ̀ má baà kán láàárín. Iṣẹ́ ti Verna ni láti kọ ìwé tó ń ṣàlàyé ètò náà: tẹ ibí, má tẹ ọ̀hún, bí iná pupa bá tàn, ṣe báyìí. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yìn ni, àfi ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń wá a kiri. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi í àti ẹni tí kò bi í: "Ẹni tó ń kà á kò jókòó sórí àga tìrẹ."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ kì í pààrọ̀ ètò. Ọkọ̀ kan ń lo tọdún yìí, òmíràn ń lo èyí tó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò sì sí ẹni tó tún ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìdí nìyí tí Verna fi ń tọ́jú ìwé gbogbo wọn. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún fáìlì, ó ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ kó lè kéré, nítorí bí a bá tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn ẹ̀rọ náà kò ní gbà á. Lẹ́yìn tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe sáfà kékeré kan, ìyẹn ètò tó ń gbé ìwé fún kọ̀ǹpútà tó bá béèrè. Bí o bá béèrè ojú ìwé kan, sáfà á lọ sínú fáìlì tí a dì, á fa ojú ìwé yẹn nìkan yọ, á gbé e síwájú rẹ, ìyókù á sì wà ní dídì bó ṣe wà. Ó dà bí ẹni tó fa ìró kan yọ nísàlẹ̀ àpótí láì tú ẹrù. Inú Verna máa ń dùn sí i débi pé nígbà mìíràn á béèrè ojú ìwé tí kò nílò, kó ṣáà lè rí i bó ṣe ń dé.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọ àdírẹ́sì sáfà náà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí, ó sì fi táápù aláwọ̀ ewé yí i ká.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Èrèlé, adágún ti di yìnyín, àwọn ọkọ̀ ti so mọ́ èbúté, ni Dale Brandvold, ọ̀gá wọn, wá dúró ti tábìlì rẹ̀.

"Verna, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀rọ àlòkù ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé kí bàbá arúgbó abẹ́ tábìlì rẹ yìí bá wọn lọ."

"Ẹ̀ẹ́n? Gbogbo ìwé wa ló wà níbẹ̀, Dale."

"Ta ló ń kà á?"

"Gbogbo yín ni."

"Èmi kò kà á o. Igbe rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́." Dale fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ó dáa. Fi ẹnì kan ṣoṣo hàn mí tó ń kà á. Bí o bá rí i, ó dúró. Bí o kò bá rí i, ó ń lọ."

Verna rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Ẹbibi ni yóò fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó tún fẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ ju àwọn ìwé yẹn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo, kí ló le nínú ìyẹn? Ó tọ Ardis Nyquist lọ, ẹni tó máa ń dáhùn tẹlifóònù nígbà tí àwọn atọ́kọ̀ bá pè.

"Ardis, ṣé o máa ń lo sáfà mi?"

"Háà! Ó dáa gan-an. Kò burú rárá."

Ó bi Tou Vang, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ètò.

"Àǹtí Verna, iṣẹ́ yín gbayì," ni Tou wí, kò gbójú sókè. "Kò burú rárá."

Ó parí nìyẹn. Verna padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ní kí òun tẹ àkọsílẹ̀ àwọn àlejò jáde fún Dale. Sáfà náà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ojú ìwé: ọjọ́, wákàtí, àti kọ̀ǹpútà tí ẹni náà ti wá. Ó ṣí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, àlejò kan náà ló sì wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Verna ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí àwa ará ìlú yìí jẹ́. Bí o bá dáná sun òrùlé ẹnì kan, á ní ó kàn móoru díẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ardis máa ń gbé àkàrà òyìnbó olósàn wẹ́wẹ́ wá. Bó bá ku ẹyọ kan, kò sí ẹni tí yóò mú un. Ẹnì kan á gé e sí méjì, á mú ìlàjì. Ẹlòmíràn á tún gé ìyókù sí méjì. Títí yóò fi ku ohun tí èèrà lè dá gbé. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí igbá lórí òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ dun Verna. Ó yà á lẹ́nu ni, ó sì ń wù ú láti mọ ìdí rẹ̀. Ó rò pé àkọsílẹ̀ náà ló ń purọ́. Ó béèrè ojú ìwé kan láti dán an wò, ìlà tuntun yọ lójú ẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ kò purọ́. Ṣé Ardis ló ń purọ́ ni, Ardis tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹnu òfìfo kì í dún yànmù-yànmù. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè atọ́kọ̀ látàárọ̀, ó ní ibi tó ti ń rí ìdáhùn rẹ̀. Níbo?

Lọ́jọ́rú, Verna fara pa mọ́ sẹ́yìn ìwé ìròyìn, ó ń ṣọ́ Ardis bí ológbò. Ẹ́ńjìníà ọkọ̀ kan pè. Ardis gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ó gbójú sókè wo ìwé ara ògiri, ó tẹ nǹkan, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. Ló bá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó fa ìdìpọ̀ ìwé kan yọ tí kọfí ti ta sí lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ọkùnrin náà. Verna na ọrùn. Ìwé tirẹ̀ ni, èyí tó tẹ̀ jáde lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn!

Èyí ni kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n ń fẹ́ ìwé náà. Kí ló wá dé tí wọn kò wọlé?

Abéèrè kì í ṣìnà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ Tou.

"Tẹ àdírẹ́sì mi, kí n rí i."

"Nísinsìnyí? Àǹtí, iṣẹ́ kan ni mò ń..."

"Tẹ̀ ẹ́."

Tou tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ ni."

Verna wo ohun tí Tou tẹ̀, ó wo ìwé ara ògiri, ó tún wo Tou. Ara rẹ̀ gbóná wá láti ẹsẹ̀ dé etí. Àdírẹ́sì tó kọ síbẹ̀ ni èyí tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀. Bí Verna bá tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìwé ló ń gbé e lọ. Bí Tou bá tẹ̀ ẹ́, inú kọ̀ǹpútà Tou ló ń gbé Tou lọ, kò sì sí ìwé kankan níbẹ̀. Bí ẹni tó pe àlejò wá jẹun ló rí, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí kálukú máa lọ sí ilé rẹ̀.

"Tou! Ìwọ tó ń kọ ètò! O kò mọ̀?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ kejì."

"Ọjọ́ kejì! O wá dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta?"

"Ẹ ti fi táápù yí i ká, Àǹtí. Inú yín ń dùn."

Ardis ti sún mọ́ wọn. "Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà tèmi ló bàjẹ́ ni? Mo gbọ́ tí Tou ń yìn ín, mo ní kí n má fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà."

Ojú ti Verna, inú sì bí i. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù lọ ni òfin tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ọjọ́ tó kan òun, orí àga ara rẹ̀ ló ti kọ̀wé. Ó fa ìwé náà ya tòun ti táápù. Ó yí ìlà kan padà nínú sáfà kí ó lè gba àlejò láti ìta, ó sì lẹ àdírẹ́sì tòótọ́ mọ́ ògiri, láì fi táápù yí i ká.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlà méjì yọ nínú àkọsílẹ̀: ti Ardis ọ̀kan, ti Tou ọ̀kan. Verna gbé e lọ fún Dale bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Dale wò ó. "O bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kàn kí ọ ni, Verna. Ìkíni kì í ṣe kíkà."

Verna gba àkọsílẹ̀ náà padà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí agogo méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, awakọ̀ ọkọ̀ àlòkù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọn yìnyín bàtà rẹ̀ dànù. Dale dúró pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Verna ti wà lórí eékún lábẹ́ tábìlì, ó ń wá wáyà tí yóò yọ. Ardis ló wá dúró lókè orí rẹ̀, ó ń lọ́ ọwọ́ pọ̀.

"Verna, má bínú o. Kì í ṣe pé mò ń ráhùn o."

"Kí ni?"

"Ojú ìwé páǹpù tó ń fa omi kúrò nínú ọkọ̀, ti ètò ọlọ́dún mọ́kàndínlógún yẹn. Mo kà á láti inú sáfà rẹ fún ẹ́ńjìníà kan láàárọ̀ yìí. Ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ti gba ipò ara wọn. Ọkùnrin náà ṣe é bí mo ṣe kà á. Omi ti kún bàtà rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlá ni Ardis ti wà nílé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí Dale fi ọkọ̀ gbá ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kò burú. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlémóoru kú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kò burú.

"Ardis," ni Dale wí, "ṣé o ka ojú ìwé yẹn ní tòótọ́?"

"Lẹ́ẹ̀mejì," ni Ardis dáhùn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó burú."

Verna fi orí gbá abẹ́ tábìlì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó dun òun. Omi ti lé ròrò sí i lójú, ayọ̀ sì ni. Dale yíjú sí awakọ̀, ó nawọ́ sí ògbólógbòó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó wà ní kọ̀rọ̀. "Ìyẹn ni kí o gbé," ló wí, ó sì lọ bu kọfí kún kọfí.

Verna jókòó sórí àga rẹ̀, ó ṣí fáìlì náà. "Ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Kí ló tún kù?"

"Ṣé o ní àyè?" ni Ardis bi í.

"Mo ní títí di oṣù Ẹbibi."

Ardis padà lọ fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìdìpọ̀ ìwé alábàwọ́n kọfí yẹn wá, ó sì tú u sílẹ̀ sórí tábìlì. Kò sí etí ojú ìwé kan tí kò kún fún lẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ wíwẹ́wẹ́, gbogbo àṣìṣe tí Ardis ti rí fún ọdún mọ́kànlá tí kò sọ.